Bí ẹ ṣe lè fi fíìmù olórin tuntun wé ti àtijọ́: West Side Story 1961 àti ti 2021

Ẹni tó bá wo West Side Story ti 1961 tán, tó sì wo èyí tí Steven Spielberg ṣe ní 2021, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni pé, "Èwo ló dùn jù?" Ẹ ó jiyàn lórí ìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, olúkálukú á sì gbé èrò tó gbé wá padà sílé. Èyí tó lérè ni pé: kí ni wọ́n yí padà, ibo ni wọ́n ti yí i, kí ni ìyípadà náà sì sọ ìtàn dà? Nínú fíìmù olórin, ibi tí ìdáhùn ti ń tètè hàn jù ni ipò orin: orin wo ló ṣáájú ikú, èwo ló tẹ̀lé e, ta ni wọ́n gbé e fún kó kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹwà òṣèré àti aṣọ. Ẹ fi ìyẹn sẹ́yìn ná.

Ẹni tí kò bá tíì wo ọ̀kankan, kó lọ wò ó kó tó kà síwájú, torí a ó dárúkọ àwọn tó kú.

Ẹ̀dà mẹ́ta lẹ máa fi wéra

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a mú fíìmù 1961 ní orísun. Eré orí ìtàgé ni West Side Story kó tó di fíìmù. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957 ni wọ́n ṣí i ní gbọ̀ngàn Winter Garden ní Broadway, New York. Leonard Bernstein ló ṣe orin, Stephen Sondheim ló kọ ọ̀rọ̀ orin, Arthur Laurents ló kọ ọ̀rọ̀ eré, Jerome Robbins ló darí rẹ̀ tó sì ṣètò ijó. Ìtàn Romeo àti Juliet ti Shakespeare ni wọ́n gbé wọ àwọn ọmọ ìta New York: Jets jẹ́ ọmọ òyìnbó, Sharks jẹ́ ọmọ Puerto Rico. Tony tó ti wà nínú Jets rí fẹ́ràn Maria, àbúrò Bernardo tó jẹ́ olórí Sharks. Ìyókù, ẹ̀jẹ̀ ni.

Fíìmù méjèèjì, inú eré yẹn ni wọ́n ti wá. Nígbà tí ẹ bá rí ohun kan nínú ti 2021 tí kò sí nínú ti 1961, ẹ má tíì sọ pé Spielberg ló dá a sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ohun tí fíìmù àkọ́kọ́ yọ kúrò ló lọ gbé padà wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó dà bíi pé ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nínú ti 1961 lè jẹ́ àtúnṣe tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn. Nítorí náà, ẹ wá orin tí àwọn òṣèré 1957 gbà sílẹ̀, ó wà káàkiri, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán kí ẹ tó wo fíìmù kankan. Ẹ kọ àwọn orin náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Òpó àkọ́kọ́ nínú ìwé yín nìyẹn. Fíìmù 1961 ni òpó kejì, ti 2021 ni òpó kẹta.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ

Fíìmù 1961 gùn tó ìṣẹ́jú 152, ti 2021 tó 156. Ẹ má wò wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Orin kan náà ni wọ́n ń kọ, èyí tí ẹ gbọ́ kẹ́yìn á sì bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ti 1961 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, bí ẹ tilẹ̀ ti wò ó rí láti ìgbà èwe. Ohun tí a rántí nípa fíìmù àti ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń jìnnà síra gan-an. Ẹ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kíní láìmú bírò dání, lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, kí ẹ wo ti 1961, kí ẹ wo ti 2021, lójú kan náà.

Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín lè tàn yín jẹ, pàápàá bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n dà kọ láti ibì kan sí ibòmíràn. Àwòrán 1961 fẹ̀ ní ìlọ́po 2.20 gíga rẹ̀, torí orí fíìmù 70mm ni wọ́n ti ṣe é. Ti 2021, tí wọ́n fi fíìmù 35mm yà, fẹ̀ ní ìlọ́po 2.39. Lórí tẹlifíṣọ̀n òde òní, ilà dúdú gbọ́dọ̀ wà lókè àti nísàlẹ̀ àwòrán méjèèjì. Bí àwòrán bá kún ojú tẹlifíṣọ̀n láìsí ilà dúdú, bí ara àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò bá sì gùn gbọọrọ, a jẹ́ pé wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù: nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ti 1961, ìdá kan nínú mẹ́rin ti 2021. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n onígun mẹ́rin àtijọ́ burú jù, ìdá méjì nínú márùn-ún ló ti lọ. Nínú fíìmù tí ijó rẹ̀ tẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ohun tí wọ́n gé dànù yẹn, oníjó ni.

DVD tí wọ́n ṣe ní ìlànà PAL, èyí tí tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní wàhálà tirẹ̀. Àwòrán 24 ni fíìmù ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. PAL ń lo 25. Fíìmù oníṣẹ́jú 152 á wá parí ní nǹkan bíi 146, ijó á yá díẹ̀ sí i, ohùn akọrin náà á sì ga díẹ̀ àfi bí àwọn tó ṣe é bá tún un ṣe. Bí ọ̀kan nínú fíìmù yín bá jẹ́ PAL tí èkejì kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé "orin yìí yá ju ti tuntun lọ." Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó wà lẹ́yìn páálí ná.

Ẹ wọ inú ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n yín, kí ẹ gbé e sí "Movie" tàbí "Cinema", kí ẹ sì pa ohun tó ń mú kí àwòrán máa yọ̀ tẹ̀rẹ̀ bíi ti ìròyìn (orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, àmọ́ "motion" máa ń wà nínú rẹ̀). Ó ń fi àwòrán tí kò sí níbẹ̀ kún ijó. Ẹ lo ẹ̀rọ etí bí ẹ bá ń wò ó lórí fóònù, torí ẹnu fóònù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Ẹni tó ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó múra sílẹ̀ fún nǹkan bíi gígábáìtì 3 ní wákàtí kan bí àwòrán bá mọ́ dáadáa.

Èyí tó kẹ́yìn: nínú ti 2021, Spielberg mọ̀ọ́mọ̀ fi èdè Sípéènì sílẹ̀ láìtúmọ̀ rẹ̀ sí abẹ́ àwòrán. Bí ẹ̀rọ yín bá ń túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ pa á. Ẹni tí kò gbọ́ Sípéènì gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe rí kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ láìgbọ́. Bí ẹ bá wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ẹ lè ṣí i.

Ipò orin: ibi tí iṣẹ́ gidi wà

Fún orin kọ̀ọ̀kan, ẹ dáhùn ìbéèrè márùn-ún nínú òpó kọ̀ọ̀kan: ta ló ń kọ ọ́, ta ló ń kọ ọ́ fún, ibo ni wọ́n wà, ọ̀sán ni àbí òru, kí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní ṣókí. Ìbéèrè karùn-ún ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun ló sì níye lórí jù.

Ẹ mú "Cool". Lórí ìtàgé ní 1957, Riff, olórí Jets, ló kọ ọ́ fáwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀: ẹ fara balẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ara yín gbóná. Ní 1961, wọ́n gbé e kọjá ìjà. Riff ti kú, Bernardo ti kú, Ice, ọ̀kan nínú Jets, ló sì ń kọ ọ́ nínú gáréèjì kan tí òrùlé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí, láàárín ọmọkùnrin tí ìbínú ń bú jáde lára wọn. Orin tó jẹ́ ìmọ̀ràn wá di ìdérí lórí ọ̀fọ̀. Ìpinnu yẹn lágbára, ó sì nira láti rí ẹni tó wo ìran náà tó máa fẹ́ kí wọ́n dá a padà. Àmọ́ 2021 dá a padà sí iwájú ìjà, wọ́n sì yí ẹni tó ń kọ ọ́ padà. Riff ti ra ìbọn. Tony ń gbìyànjú láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lórí afárá ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi kan tí pákó rẹ̀ ti jẹrà, tí ihò wà káàkiri. Ijó náà di ìjà lórí ìbọn yẹn, ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ìbọn tí wọ́n ń jà lé lórí yìí ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ títí dé ìparí fíìmù, torí ìbọn ló máa pa Tony.

Ẹ wo ohun tí òpó mẹ́ta náà jẹ́ kí a rí. Ẹni tó fi fíìmù méjì péré wéra á sọ pé Spielberg gbé "Cool" kúrò ní ipò rẹ̀. Òdìkejì ni: ti 1961 ló gbé e kúrò. Spielberg àti Tony Kushner tó kọ ọ̀rọ̀ fíìmù dá a padà sípò, wọ́n wá pààrọ̀ ẹnu tó ń kọ ọ́.

"Gee, Officer Krupke" ni ìdajì kejì ọ̀rọ̀ yìí. Orin ẹ̀fẹ̀ ni, Jets ń fi ọlọ́pàá, adájọ́ àti dókítà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1957, ẹ̀yìn ìjà ló wà, ẹ̀rín láàárín ẹ̀jẹ̀. Ti 1961 gbà pé ẹ̀rín níbẹ̀ kò bójú mu, ló bá fi í pààrọ̀ ipò pẹ̀lú "Cool". Ti 2021 kò dá èyí padà sẹ́yìn ìjà. Iwájú náà ló fi í sí, ó kàn gbé e wọ inú àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ni wọ́n dá padà sí bó ṣe wà ní 1957. Wọ́n ń ṣà á mú ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "fíìmù tuntun padà sí eré àkọ́kọ́" láìfi àlàyé kún un, kò ka òpó rẹ̀ tán.

"I Feel Pretty" ni àpẹẹrẹ tó rọrùn jù láti fi kọ́ ẹlòmíràn. Maria ń yọ̀, ó ń kọrin pé òun rẹwà, òun ní olólùfẹ́. Ní 1961, ọ̀sán ni, ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìyàwó ló wà, kò sẹ́ni tó tíì kú. Ìdùnnú lásán ni. Ní 1957 àti 2021, ìjà ti parí: Tony, olólùfẹ́ rẹ̀, ti gún Bernardo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pa. Gbogbo wa la mọ̀ àfi òun. Orin kan náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ní 1961 a ń bá a rẹ́rìn-ín, ní 2021 a kò lè wo ojú rẹ̀. Ti 2021 tún fi ohun kan kún un tí kò sí tẹ́lẹ̀ rí: ilé ìtajà ńlá Gimbels ni ó wà, ní òru, òun àti àwọn obìnrin Puerto Rico ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìmọ́tótó ibẹ̀. Láàárín aṣọ tí wọn kò lè rà ni wọ́n ti ń jó.

Ọ̀pọ̀ ìfiwéra ń kọsẹ̀ ní "Somewhere", torí ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ ọ́. Ní 1957, ohùn obìnrin kan tí a kò rí ló ń kọ ọ́ bí ijó inú àlá ṣe ń lọ lórí ìtàgé. Ní 1961, Tony àti Maria ló kọ ọ́ fúnra wọn nínú yàrá, ó di ìlérí láàárín ẹni méjì. Ní 2021, Valentina ló kọ ọ́, òun nìkan. Kò sí Valentina nínú ẹ̀dà méjì àkọ́kọ́. Bàbá Doc ló ni ṣọ́ọ̀bù tí Tony ti ń ṣiṣẹ́. Ti 2021 sọ pé Doc ti kú, opó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Puerto Rico ló jókòó ti ọjà. Ẹni tó ṣe Valentina ni Rita Moreno, tó ṣe Anita, olólùfẹ́ Bernardo, ní 1961, ẹni tó pé 90 ọdún ní ọjọ́ kejì tí fíìmù náà jáde ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2021. Nígbà tí arúgbó bá ń kọ ọ́ pé ibì kan wà fún wa, ìrètí ọ̀dọ́ ti kúrò níbẹ̀. Ó ti fẹ́ òyìnbó, ó ti gbé ayé tí Tony àti Maria ń lá, ó sì ti rí bó ṣe rí.

Ẹ má fi ìyẹn mọ sí orí orin náà nìkan. Nínú ìran tí Jets ti fẹ́ fi ipá bá Anita lò pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, Doc ló dá wọn dúró ní 1961. Ní 2021, Valentina ni. Obìnrin tó jẹ́ Anita nígbà yẹn ló wá wọlé láti gba Anita ti ìsinsìnyí sílẹ̀, ó sì pè wọ́n ní orúkọ tó yẹ wọ́n. Ẹni tí kò wo ti 1961 kò lè rí èyí láéláé, ohun tó sì yẹ kí ìfiwéra máa wú jáde nìyẹn.

Ní ti "America": ìtàgé fi í fún àwọn obìnrin nìkan. Ti 1961 sọ ọ́ di àríyànjiyàn láàárín ọkùnrin àti obìnrin lórí òrùlé, ní òru tí ijó pàdé-n-pàdé parí, ìdí nìyẹn tí Anita ṣì fi wà nínú aṣọ aláwọ̀ àlùkò tó wọ̀ lọ síbi ijó. Ti 2021 pa àríyànjiyàn náà mọ́, ṣùgbọ́n ó gbé e sí ọjọ́ kejì, ọ̀sán gangan, láti inú ilé bọ́ sí ìgboro, tọmọdé tàgbà dá sí i. Anita wọ aṣọ yẹ́lò. Ẹ rí i pé bí orin bá ṣí nípò, aṣọ, ìmọ́lẹ̀ àti èrò tó yí wọn ká á ṣí tẹ̀ lé e. Ìdí tí a fi ní kí ẹ fi aṣọ sẹ́yìn nìyẹn.

Ẹsẹ̀ oníjó àti ojú kámẹ́rà

Ẹ mú ìran ijó kan, bóyá ti gbọ̀ngàn ilé ìwé níbi tí Tony àti Maria ti pàdé. Ẹ fi aago fóònù ka ìṣẹ́jú kan. Ní gbogbo ìgbà tí àwòrán bá gé sí òmíràn, ẹ fa ilà kan sórí ìwé. Ẹ tún un ṣe fún ìṣẹ́jú kan náà nínú fíìmù kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ tún wò ó, lọ́tẹ̀ yìí kí ẹ máa ka iye àwòrán tí ẹsẹ̀ àwọn oníjó ti hàn láti orí dé àtàǹpàkò. Iye méjèèjì yìí á sọ fún yín ju gbogbo ọ̀rọ̀ bíi "ó yá" tàbí "ó rọra" lọ.

Jerome Robbins ló ṣètò ijó 1961, òun àti Robert Wise ni wọ́n jọ darí fíìmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ Robbins kúrò kí wọ́n tó yà á tán torí àkókò àti owó tó ń gun òkè. Kámẹ́rà rẹ̀ máa ń dúró, ó ń fi ara oníjó hàn tán. Ní 2021, Justin Peck ló ṣètò ijó, Janusz Kamiński ló wà nídìí kámẹ́rà, kámẹ́rà náà sì ń wọ àárín oníjó, ó ń yí wọn po. Ẹ má kíyè sí ẹsẹ̀ ijó nìkan. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹni tó ń wò ó wà lórí àga ní gbọ̀ngàn àbí ó wà láàárín agbo.

Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà yẹ fún ojú ìwé kan fúnra rẹ̀. Ti 1961: ilà tí Saul Bass yà, orin nìkan fún ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, lẹ́yìn náà Manhattan láti ojú ọ̀run. Ti 2021: òkìtì àlàpà, ẹ̀rọ ìwólé, pátákó tó sọ pé wọ́n fẹ́ kọ́ Lincoln Center, ilé orin àti eré ńlá, síbẹ̀. Àdúgbò San Juan Hill ni, ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Puerto Rico ń gbé kí wọ́n tó wó o. Àdúgbò yẹn gan-an ni wọ́n ti ya díẹ̀ nínú ìran ìgboro 1961, nígbà tí wíwó ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n fíìmù 1961 kò sọ ọ́. Ti 2021 ló sọ ọ́ di ìdí ìjà: ẹgbẹ́ méjèèjì ń jà lórí ilẹ̀ tí wọ́n máa lé gbogbo wọn kúrò lórí rẹ̀.

Ohùn ta ni ẹ ń gbọ́?

Kí ẹ tó yin òṣèré fún orin, ẹ wádìí ẹni tó kọ ọ́. Ní 1961, Natalie Wood ni Maria, ohùn Marni Nixon la gbọ́. Richard Beymer ni Tony, Jimmy Bryant ló kọrin fún un. Rita Moreno kọ "America" fúnra rẹ̀, àmọ́ Betty Wand ló bá a kọ "A Boy Like That" torí orin náà lọ sísàlẹ̀ jù fún un. Russ Tamblyn ni Riff, ṣùgbọ́n nínú "Jet Song", Tucker Smith tó ṣe Ice ló kọ ọ́ fún un. Nínú ti 2021, ohùn ara wọn ni wọ́n lò. Bí ẹ bá wá kọ ọ́ pé "Maria àtijọ́ mọ orin kọ ju ti tuntun," ẹni méjì lẹ fi wé ẹnì kan: Wood pẹ̀lú Nixon, sí Rachel Zegler tó ṣe Maria ní 2021.

Ní ti orin fúnra rẹ̀, ẹni tó bá ti wà nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì rí ní ohun èlò lọ́wọ́. Ẹ fi sọ́fà kọ orúkọ "Maria" bí Tony ṣe ń pè é: doh, fe, soh. Fe yẹn, fah tí wọ́n gbé sókè díẹ̀, kì í bá doh rẹ́. Ó ń fẹ́ lọ sí soh, ìgbà tó bá débẹ̀ ni ara tó balẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "Cool": doh, fe, soh náà ni. Bernstein fi ohùn kan náà so ìfẹ́ àti ìjà pọ̀. Nísinsìnyí, ẹ wo bí orin méjèèjì yìí ṣe jìnnà síra nínú fíìmù kọ̀ọ̀kan. Ní 1961, ikú ẹni méjì wà láàárín wọn. Ní 2021, ẹnikẹ́ni kò tíì kú, Tony kan náà tó kọ ti àkọ́kọ́ ló sì ń kọ èkejì.

Ẹ pàtẹ́wọ́ sí "America": ení-èjì-ẹ̀ta, ení-èjì-ẹ̀ta, ení-èjì, ení-èjì, ení-èjì. Huapango ni Bernstein pe ìlù yẹn nínú ìwé orin, ti Mẹ́síkò ni, kì í ṣe ti Puerto Rico. Ẹ má gbé ẹ̀sùn yẹn ka orí Spielberg. 1957 ló ti wá. Ohun tí ti 2021 fi kún un láti Puerto Rico gidi ni "La Borinqueña", orin ìdánimọ̀ Puerto Rico, tí Sharks fi ẹnu lásán kọ lẹ́yìn ìjà àkọ́kọ́. Kò sí nínú ẹ̀dà méjì tó ṣáájú.

Ta ló ń ṣe ọmọ Puerto Rico

Ẹ kọ orúkọ òṣèré Sharks sílẹ̀ kí ẹ sì kọ ibi tí wọ́n ti wá. Ní 1961, Natalie Wood jẹ́ ọmọ àwọn ará Rọ́ṣíà, George Chakiris tó ṣe Bernardo jẹ́ ọmọ àwọn ará Gíríìsì, wọ́n sì fi àtíkè pupa rẹ́súrẹ́sú kun ojú Sharks. Wọ́n kun Rita Moreno náà, ẹni tí wọ́n bí ní Puerto Rico, ó sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé inú òun kò dùn sí i. Ti 2021 mú àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ Látìn: Ariana DeBose, Zegler, David Alvarez. Wọ́n tún fún wọn ní iṣẹ́: Bernardo ń ja ẹ̀ṣẹ́, Chino, ẹni tí Bernardo fẹ́ kó fẹ́ Maria, ń kọ́ ìṣirò owó. Tony pàápàá ti ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún kan torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ọmọ kan pa.

Ìdájọ́ wa: ìtàn ìgbésí ayé tí wọ́n fi kún un yìí wúlò fún Chino, torí òun ló máa yin ìbọn lópin, a sì ti mọ ẹni tó ń sọnù. Fún Tony, ó wúwo jù. Ẹni tó ti rí ọgbà ẹ̀wọ̀n, tó sì bẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀, ó ṣòro láti gbà pé òun náà ni ọmọ tó ń kọ "Something's Coming" pẹ̀lú ọkàn fífúyẹ́. Ẹ lè má gbà. Ẹ ṣáà fi ìran gbè é lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́

Ẹ má kọ ìdajì nípa 1961, kí ẹ wá kọ ìdajì nípa 2021. Òǹkàwé á ti gbàgbé ti àkọ́kọ́. Ẹ mú orin mẹ́ta, kí ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìpínrọ̀ kan náà lórí orin kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ 900 sí 1,200 tó. Orin tí kò yí padà púpọ̀, bí "One Hand, One Heart", gbólóhùn kan ti tó fún un: ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìyàwó ló wà tẹ́lẹ̀, ti 2021 gbé e lọ sí ilé àkójọ ohun àtijọ́ Cloisters.

Gbólóhùn bíi "fíìmù tuntun ní ẹ̀mí ju ti àtijọ́ lọ" kò ṣeé yẹ̀ wò. Ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀: "Ní 1961, Maria kọ 'I Feel Pretty' kí ìjà tó ṣẹlẹ̀, ní 2021, lẹ́yìn tí Bernardo ti kú." Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ìran náà wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ irú ẹ̀dà tí ẹ wò, torí PAL.

Ẹ̀bùn àti owó kì í ṣe ẹ̀rí. Ti 1961 gba Oscar 10 nínú 11 tí wọ́n yàn án fún. Ti 2021 gba 1 nínú 7. Wọ́n ná nǹkan bíi 100 mílíọ̀nù dọ́là lé e lórí, owó tó sì wọlé ní sinimá kárí ayé jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 76. Àrùn kòrónà ṣì wà nílẹ̀ lóṣù tí wọ́n gbé e jáde. Èyí tó wúlò nínú àwọn Oscar wọ̀nyí ni pé Anita ló gba á nígbà méjèèjì, Moreno ti àkọ́kọ́, DeBose ti èkejì. Ẹ lè bèèrè ìdí tí ipa yẹn fi ń borí ti Maria.

Ìlànà yìí máa bá àwọn mìíràn mu, àfi kí ẹ kọ́kọ́ ka iye òpó tí ẹ nílò. The Color Purple ti 2023, tí Blitz Bazawule ọmọ Gánà darí, dà bí ẹni pé àtúnṣe fíìmù Spielberg ti 1985 ni. Ti 1985 kì í ṣe fíìmù olórin. Eré Broadway ti 2005 ló ni ọ̀pọ̀ orin inú rẹ̀, ìwé Alice Walker ti 1982 ló ni ìtàn, "Miss Celie's Blues" sì ti inú fíìmù 1985 wá. Òpó mẹ́rin ni ti ibẹ̀, ti ìwé Walker ni kí ẹ sì kọ́kọ́ fà.